Pọ́ǹpù Epo Kan, Láti Ládípọ̀ Dé Iléṣà

Ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò wọ́n. Bó ti wù kí ọkọ̀ dàgbà tó, ẹnìkan á ní ohun tí ò ń wá níbẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní i, á ní kí o jókòó, á sì rán ọmọ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Mímọ ojúlówó ni iṣẹ́. Pọ́ǹpù epo tí a wá rà lọ́jọ́ náà pọ̀ lórí tábìlì, gbogbo wọn ló wà nínú páálí tí wọ́n kọ Bosch sí, àwọ̀ àwọn páálí náà sì yàtọ̀ síra bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ará Jámánì náà máa ń yí èrò padà lóṣooṣù.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo bá lọ kò wo páálí kankan. Ó yọ pọ́ǹpù jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ láti mọ bó ṣe wúwo tó, ó sì yí ìdí rẹ̀ sókè láti wo ibi tí wọ́n ń so wáyà mọ́. Lára irú pọ́ǹpù Bosch yìí, bóòtù méjì tí wáyà ń wọ̀ kì í dọ́gba. Ọ̀kan sanra ju èkejì lọ, kí ẹni tó ń so ó má baà gbé wáyà tó ń mú iná wá sí ojú ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. A rí èyí tí bóòtù rẹ̀ méjèèjì dọ́gba nínú àwọn tí wọ́n kó síwájú wa. Ọ̀gá dá a padà láìsọ̀rọ̀.

Ọmọ tó ń tajà rò pé òun ti rí ọ̀nà tí òun á fi fi ọkàn wa balẹ̀. Ó fa bátìrì kan jáde lábẹ́ tábìlì. "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n tàn án fún yín, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wáyà tó kan ara. "Gbígbẹ báyìí? Ṣé o fẹ́ tà á fún mi ni, àbí o fẹ́ pa á?"

Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe. Mọ́tò iná kékeré àti ẹ̀rọ tó ń fa epo ló jọ wà nínú agolo kan náà. Epo tí pọ́ǹpù náà ń fà kì í gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá, inú rẹ̀ gan-an ló ń gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á bẹ̀rù pé iná á sọ. Ṣùgbọ́n iná kì í ràn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, epo nìkan ló sì kún inú agolo náà. Epo yẹn ló ń mú kí mọ́tò má gbóná jù, òun náà ló ń ṣe iṣẹ́ òróró fún àwọn irin róbótó kéékèèké tó ń yí nínú rẹ̀. Tí pọ́ǹpù kò bá rí epo mu, ara rẹ̀ ló máa jẹ. Nígbà tí a sanwó fún èyí tí Ọ̀gá fẹ́, tí ọmọ náà sì ti dì í padà sínú páálí, ó ṣì ń wò wá bí ẹni tí kò gbà.

Iléṣà ni ọkọ̀ tí a ra pọ́ǹpù yìí fún wà. Mercedes 450 SL ti ọdún 1978 ni, àwọ̀ fàdákà, oníjòókòó méjì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ìlú Sindelfingen ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ láti 1971 títí di 1989, iye tí wọ́n ṣe sì lé ní 237,000. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́jọ, ó sì jẹ́ lítà mẹ́rin àbọ̀. Ní ọdún tí wọ́n rà á, owó epo rọ̀bì ṣì ń wọlé ní Nàìjíríà, a kò tíì gbàgbé owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sì ti ń sọ fún àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n rọra ṣe, kí wọ́n máa gun Peugeot 504. Ẹni tó ni 450 SL yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀. Aṣọ ló ń tà, bí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀ṣà ìgbà náà. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, Bàbá ni gbogbo wa sì ń pè é.

Ní ìparí ọdún 2011 ni Bàbá gbé ọkọ̀ náà sí gáréèjì. Kò bàjẹ́. Orúnkún rẹ̀ ni kò gbà mọ́, torí ọkọ̀ náà rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé rọra ń jókòó sílẹ̀ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ jáde á wá ẹni tí yóò fà á. Ní báyìí, oníbàárà kan ní Èkó fẹ́ rà á, ó sì ti sọ pé iye tí òun á san fún ọkọ̀ tó ń tàn yàtọ̀ sí iye tí òun á san fún èyí tí wọ́n á fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé. Bàbá pè mí. Mo pe Ọ̀gá.

Inú Sienna Ọ̀gá la bá lọ, àwa àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì, a sì ti kọjá Berger kí oòrùn tó yọ. N kò ní sọ púpọ̀ nípa Ìbàfò àti Mówè, ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ní Ògèrè, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ń sùn sí, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọkọ̀ tó ti kú sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sọ ohun tó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe ń kọjá: èyí jẹ́ báríìnì, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ló gbóná. N kò mọ bó ṣe ń mọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a jiyàn.

A yà ní Ìbàdàn, ní ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, nítorí wáṣà. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè kúrò ní Ládípọ̀ láìra wáṣà, kó wá fi nǹkan bíi wákàtí kan wá a nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wáṣà bàbà (irin pupa yẹn ni mò ń sọ, kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni) ni wọ́n fi ń dí ojú ibi tí páìpù ti wọ pọ́ǹpù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì ń lò ó. Bí o bá ti fún un mọ́lẹ̀, ó ti gba àpẹẹrẹ ojú ibẹ̀ nìyẹn. Tí o bá tún un lò, epo á máa sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí páìpù èéfín. Ọ̀gá ní ẹnìkan wà ní Gate tí kì í ta àlòkù wáṣà fún òun. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn náà ló ti ra hóòsì, ó sì tẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó lè dá a lójú pé hóòsì epo ni, nítorí hóòsì omi máa ń rọ̀ tí pẹtiróòlù bá wà nínú rẹ̀ pẹ́.

Láti Ìbàdàn lọ, ọ̀nà yí padà. Lẹ́yìn tí a gba orí odò Ọ̀ṣun kọjá ní Asẹ́jírè, igbó sún mọ́ wa, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́bàá títì. Ní Ìkirè a ra dòdò Ìkirè, tí ata àti epo pupa ti sọ di dúdú, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ sì jẹ tán kí a tó dé Gbọ̀ngán. Níwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọ̀nyẹn ni ọkọ̀ kan wà lórí búlọ́ọ̀kù: Peugeot 504, Passat tí wọ́n tò ní Èkó, Mercedes tí koríko ti gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde. Kò sí ẹni tó ń tà á, kò sí ẹni tó ń tún un ṣe. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ni ẹ̀rí pé ilé yìí ti rí owó rí, ẹni tó bá sì tà á á dà bí ẹni tó ta ẹ̀rí náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn "gbé e sinmi" ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè fara mọ́, pàápàá lẹ́yìn ohun tí mo rí ní Iléṣà.

Lẹ́yìn Ifẹ̀, àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìhín ni wọ́n ti ń wa wúrà, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú rí i láti orí títì. A dé ilé Bàbá ní ọ̀sán.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà." Iyán ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá ní kí àwọn kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ná. Bàbá ní ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà Jonathan lè dúró de iyán. A jẹun.

Gáréèjì náà wà lẹ́yìn ilé, ẹnu rẹ̀ kọjú sí igi obì méjì. Eruku bo ọkọ̀ náà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tẹ́ pẹrẹsẹ, eku sì ti kọ́lé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ó lẹ́wà. N kò ní purọ́, mo dúró fún ìgbà díẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ọ̀gá kò sáré sí pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tí kò dún kì í ṣe pọ́ǹpù tó ti kú dandan. Ó so bátìrì tuntun mọ́ ọn, ó sì kọ́kọ́ lọ sídìí fíùsì. Fíùsì àwọn ọkọ̀ Jámánì ìgbà náà kì í ṣe ti gíláàsì. Tangaran kékeré ni, tí wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ sí lójú kan. Ìpẹtà máa ń mú ẹnu rẹ̀ níbi tó ti jókòó, iná ò ní kọjá mọ́, bẹ́ẹ̀ fíùsì náà kò jó. Ó fi ìka yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lójú ibi tó wà títí ẹnu wọn fi dán. Lẹ́yìn náà ló wá ríléè. Nínú ọkọ̀ yìí, ríléè kì í jẹ́ kí pọ́ǹpù dúró lórí iṣẹ́ bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, kí ó má baà máa tú epo sílẹ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá. Ọ̀gá yọ ríléè náà, ó fi wáyà kékeré kan so ojú ibi méjì pọ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ kan wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ gbé gílóòbù sí ìdí pọ́ǹpù. Gílóòbù tàn. Iná dé ibẹ̀. Pọ́ǹpù kò mira. Ọmọ náà fi ìdí sípánà gbá a jẹ́jẹ́, torí ìgbà mìíràn wà tí ìyẹn máa ń jí i. Ó kùn lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

"Òun ni," Ọ̀gá wí.

Nígbà náà ni wọ́n tú bátìrì kúrò, wọ́n ti ọkọ̀ náà jáde sí gbangba, wọ́n sì gbé garawa yanrìn méjì sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gá gba fóònù gbogbo wa. Bàbá, tí kò mu sìgá láyé rẹ̀, ni wọ́n ní kó rí i pé ẹnikẹ́ni kò mú iná kọjá, ó sì gbé àga kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Tánkì ọkọ̀ náà gba nǹkan bíi lítà àádọ́rùn-ún. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ìyẹn, kò sì jọ pẹtiróòlù mọ́. Ó ti pọ́n rúsúrúsú, òórùn ọ̀dà ilé ló ń rùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tó fúyẹ́ jù nínú epo, àwọn tó máa ń jẹ́ kí iná tètè ràn, máa ń fò lọ bó bá ti ń pẹ́. Afẹ́fẹ́ á máa bá èyí tó kù jà, á sì sọ ọ́ di gọ́ọ̀mù. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ tánkì náà á di ìrì lára irin lóru, ìrì á sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá dúró, ó wo inú garawa. "Náírà márùndínláàádọ́rin ni mo ra lítà kan epo yìí."

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni wọ́n gbé owó lítà kan láti ₦65 sí ₦141, tí gbogbo ìlú fi jáde sí títì, tí wọ́n fi dá a padà sí ₦97. Lẹ́yìn ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó fo kọjá ₦480, kò sì dúró síbẹ̀. Epo tó wà nínú garawa yẹn sùn gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Aládùúgbò kan béèrè bóyá òun lè rọ ọ́ sí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀gá ní rárá. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ dà á sílẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n má ṣe é nítòsí obì òun. Inú kẹ́ẹ̀gì ló padà wọ̀, tí Ọ̀gá máa fi fọ irin ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Pọ́ǹpù náà wà lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, òun àti fílítà àti agolo kékeré kan tó ń di agbára epo mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Nílẹ̀ gbígbóná bíi tiwa, agolo yẹn ṣe pàtàkì, torí bí kò bá ṣiṣẹ́, epo á hó nínú páìpù, ọkọ̀ tó gbóná kò sì ní gbà láti tàn títí yóò fi tutù. Orí rọ́bà ni wọ́n so gbogbo wọn rọ̀ sí kí ariwo má baà wọ inú ọkọ̀. Rọ́bà náà ti gbẹ, ó já nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá fi ayùn rẹ́ pọ́ǹpù tó kú náà sí méjì kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rí inú rẹ̀. Gbogbo wa ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Irin rẹ̀ kò jẹ rárá, kò há, kò fọ́. Gọ́ọ̀mù epo ló lẹ àwọn irin róbótó náà mọ́ ojú ibi tí wọ́n jókòó sí ní ọdún 2011. Ká ní Bàbá ń wà á lójoojúmọ́ ni, bóyá pọ́ǹpù yẹn ì bá ṣì máa dún. Epo tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú rẹ̀, tó yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀, òun ló pa á.

Nítorí náà, ẹni tó bá yí pọ́ǹpù nìkan tó fi tánkì sílẹ̀ ti dá owó nù. Wọ́n sọ tánkì náà kalẹ̀. Asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti dí pátápátá. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì sì gbé e láàárín ara wọn, wọ́n ń jì í bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń da ìpẹtà jáde, wọ́n ń tún un jì. Àwọn ọmọdé àdúgbò wá jó sí i.

Lálẹ́, Bàbá sọ fún wa bí òun ṣe máa ń wa ọkọ̀ náà. Ọdún 1978 kan náà tó rà á ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nígbà tí ihò kankan kò tíì sí lójú rẹ̀. Ó ní òun máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn ní Ṣàgámù, aṣọ á wà nínú búùtù, owó á wà lábẹ́ àga. Ọ̀gá béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nígbà náà. Bàbá ní òun kò mọ̀, òun kàn ń wà á ni.

Ní ọjọ́ kejì, tánkì ti gbẹ nínú oòrùn, asẹ́ tuntun ti wọlé, pọ́ǹpù ti wà lórí rọ́bà tuntun. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló dè é. Wọ́n rọ ogún lítà epo tuntun sí i. Kó tó di pé wọ́n tan nǹkan kan, wọ́n tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, wọ́n kán òróró sínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, Ọ̀gá sì fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dá a lójú pé kò lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ hóòsì tó ń dá epo padà sí tánkì, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, ó sì tún so ojú ibi ríléè pọ̀.

Pọ́ǹpù náà dún. Ìgò kún, ó dọ̀tí. Wọ́n dà á nù. Ìgò kejì náà dọ̀tí. Nígbà tó yá, epo tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Peugeot 504 tó ń lo kàbúrétọ̀ lè fara da pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, torí epo tó ń sọ̀ jẹ́jẹ́ tó o. Ti 450 SL yìí kò rí bẹ́ẹ̀. K-Jetronic ló ń lò, ètò tí Bosch gbé jáde ní 1973. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń gbé àwo irin kan sókè, àwo náà á ti irin tín-ínrín kan, ìyẹn á sì pín epo sí sìlíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìdáwọ́ dúró. Kí ó tó lè ṣe é, agbára epo gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi bar 5. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ju bar 2 àti díẹ̀ lọ. Ọ̀gá fi ìka kan gbé àwo náà sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, gbogbo ibi tí epo ti ń tú wọ ẹ́ńjìnnì sì han lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹ́rìn-ín. Láti Ládípọ̀, n kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, èéfín funfun bo igi obì méjèèjì, adìyẹ sá. Sìlíńdà bíi márùn-ún ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, ara ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀kẹfà àti èkeje wọlé. Ẹ̀kẹjọ wọlé lẹ́yìn tí a ti sọ̀rètí nù, ariwo náà sì wá balẹ̀.

Bàbá fẹ́ wà á dé ẹnu géètì. Ọ̀gá bọ́ síwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó ń tàn, kò lè dúró. Búréèkì ẹ̀yìn ti lẹ̀." Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọ gbogbo ohun tó kù sínú ìwé: búréèkì, hóòsì búréèkì, òróró gíà, táyà márùn-ún. Ó ní kí wọ́n máa tan ẹ́ńjìnnì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí òun yóò fi padà wá, kí tánkì sì máa kún ní gbogbo ìgbà kí ìrì má baà ríbi bà sí.

"Kó kún? Lítà àádọ́rùn-ún, ní iye tí wọ́n ń ta epo báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá gba ìwé náà, ó kà á dópin, ó fi bírò kọ epo kún un nísàlẹ̀. Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó pe oníbàárà rẹ̀ ní Èkó, ó kí i dáadáa, ó béèrè ìyàwó àti ọmọ, ó wá sọ fún un pé ọkọ̀ ti tàn, àti pé iye tí wọ́n jọ sọ tẹ́lẹ̀ ti yí padà.